Ẹ̀rọ sọ pé CD4 ẹni tí ara rẹ̀ dá jẹ́ òdo: ṣé ẹ̀jẹ̀ ni kí a bi léèrè, àbí áńtíbọ́dì OKT4?

ÌBÉÈRÈ

"Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní yàrá àyẹ̀wò tí mo wà, a gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìwádìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò ní àìsàn. Kò ní kòkòrò HIV, iye sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Nígbà tí a fi áńtíbọ́dì OKT4 tí wọ́n ti so àwọ̀ FITC mọ́ wá olùgbà CD4 lára sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ka ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì kò rí nǹkan kan. A tún un ṣe, òdo náà ni. Ọ̀gá wa ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní CD4. Ẹnìkejì mi ní áńtíbọ́dì ni ó ti bàjẹ́. Ẹlòmíràn ní a ti gbé ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì fún ara wọn. Èwo ni kí n gbà? Ṣé ènìyàn lè wà láìní CD4, kí ara rẹ̀ sì le tó báyìí?"

* * *

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fọwọ́ sí èsì yẹn. Ohun tí ẹ rí kì í ṣe tuntun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni àwọn tí ń lo OKT4 ti ń pàdé àwọn ènìyàn tí ara wọn dá ṣáṣá, tí OKT4 kò sì rí CD4 kankan lára sẹ́ẹ̀lì wọn. Wọ́n rí irú rẹ̀ láàárín àwọn ará Japan, wọ́n sì rí i láàárín àwa ènìyàn dúdú ju bí wọ́n ti rí i láàárín àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wa ni ó ń bá wa pàdé lójoojúmọ́.

CD4 jẹ́ puróténì kan tí ó yọ síta lára sẹ́ẹ̀lì T olùrànlọ́wọ́, jíìnì rẹ̀ sì wà lórí kúrómósómù 12. Apá tí ó yọ síta yẹn pín sí ìpele mẹ́rin, D1 títí dé D4. D1 ni ó jìnnà sí ara sẹ́ẹ̀lì jù, D4 ni ó sún mọ́ ọn jù. OKT4 jẹ́ áńtíbọ́dì, ìyẹn puróténì tí ń wá nǹkan kan pàtó tí ó sì ń dì mọ́ ọn. Kì í di gbogbo CD4 mú. Ibi kékeré kan ní D3 ni ó ń dì mọ́, ibẹ̀ náà sì ni ásíìdì amino tí ó wà ní ipò 240 wà. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, arginine ni ó wà ní ipò yìí. Àwọn mìíràn jogún tryptophan dípò rẹ̀, èyí tí ìrísí rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti arginine. Ìyípadà kan ṣoṣo yìí tó láti mú kí OKT4 má rí ibi dì mọ́ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìyókù CD4 náà wà ní ipò rẹ̀. Áńtíbọ́dì dà bí ẹni tí ó ń fi ilà ojú nìkan dá ènìyàn mọ̀: bí ẹni náà kò bá kọ irú ilà tí òun mọ̀, yóò ní kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ ó jókòó síwájú rẹ̀.

Bí ènìyàn bá gba tryptophan yìí lọ́dọ̀ bàbá, tí ó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, OKT4 kò ní rí CD4 lára rẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹnì kan nínú wọn ni ó ti gbà á, OKT4 yóò rí CD4, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò kà yóò tó nǹkan bí ìdajì ti ẹlòmíràn. Mo rò pé irú àkọ́kọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin yín. Èrò ni mo pè é, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì sí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kò ṣòro láti wá.

* * *

Mo ti ka ohun tí àwọn ará sọ lábẹ́ ìbéèrè yìí, mo sì fẹ́ gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tí ó pọ̀ jù ní áńtíbọ́dì ni ó bàjẹ́. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn tí ẹ fi ìgò áńtíbọ́dì kan náà ṣe lọ́jọ́ kan náà. Bí CD4 tiwọn bá tàn bí ó ti yẹ, áńtíbọ́dì kò bàjẹ́. Áńtíbọ́dì tí ó bàjẹ́ kì í ṣe ojúsàájú. Gbogbo ènìyàn ni yóò ṣókùnkùn fún.

Ti ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì tí a gbé fún ara wọn kò jọ òtítọ́ létí mi. Bí ẹ bá gbé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wá, CD4 ẹlòmíràn ni ẹ ó rí, kì í ṣe òdo. Kódà ẹni tí kòkòrò HIV ti bá fínra gan-an sábà máa ń ní ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì CD4 tí ẹ̀rọ lè rí.

Ẹnì kan dárúkọ àìsàn tí CD4 ti ń lọ sílẹ̀ láìsí HIV. Àìsàn náà wà lóòótọ́. Ní ọdún 1992 ni àjọ CDC ti Amẹ́ríkà fi ààlà sí i pé kí CD4 má tó 300 nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mákírólítà kan, tàbí kí ó má tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì T, kí ó sì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, láìsí HIV àti láìsí ohun mìíràn tí ó lè fà á. Ṣùgbọ́n nínú àìsàn yẹn, sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ ni ó dín kù. Ìṣirò kan wà tí ó lè fi ìyàtọ̀ hàn kí ẹ tó náwó kankan. Ẹ wo CD3, tí ó jẹ́ àmì gbogbo sẹ́ẹ̀lì T, kí ẹ wá ro CD4 pọ̀ mọ́ CD8, àmì sẹ́ẹ̀lì T apani. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, àròpọ̀ méjèèjì sábà máa ń sún mọ́ iye CD3, nítorí àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí kò ní CD4 tí kò sì ní CD8 kò pọ̀. Ká ní CD3 ọ̀dọ́mọkùnrin náà jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún lífósáìtì rẹ̀, tí CD8 sì jẹ́ ìdá 25. Níbo ni ìdá 45 yòókù wà? Kò wọ́pọ̀ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí kì í ru CD4 tàbí CD8 nìkan kún àyè tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé sẹ́ẹ̀lì T olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n, tí OKT4 kò dá mọ̀.

Ẹlòmíràn tún sọ pé ìṣirò yìí ti tó, kí a má fi nǹkan kan kún un. N kò gbà. Àìní CD4 gidi wà, níbi tí jíìnì fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe CD4 jáde rárá. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i lára ènìyàn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà lè ní sẹ́ẹ̀lì T tí ó ní CD3 tí kò ní CD4 tàbí CD8. Ìṣirò yóò sọ fún yín pé sẹ́ẹ̀lì wà. Kò lè sọ bóyá olùgbà wà lára rẹ̀. Áńtíbọ́dì kejì, tí ó ń dì mọ́ ibòmíràn lára CD4, ni yóò sọ ìyẹn.

* * *

Bí n óò ti ṣe é nìyí, bí ó bá jẹ́ pé lórí tábìlì mi ni ẹ̀jẹ̀ náà wà.

N óò gba ẹ̀jẹ̀ tuntun sínú túùbù EDTA, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, n kò sì ní gbé e sínú fíríìjì kí n tó ṣe é, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí a fẹ́ ka sẹ́ẹ̀lì T inú rẹ̀ fẹ́ ooru yàrá ju òtútù lọ. N óò wá SK3 tàbí RPA-T4, tí àwọn náà jẹ́ áńtíbọ́dì tí ń wá CD4. Méjèèjì ń dì mọ́ D1, OKT4 ń dì mọ́ D3. Nítorí náà wọn kì í lé ara wọn kúrò, a sì lè fi àwọn méjèèjì sínú túùbù kan náà bí àwọ̀ wọn bá yàtọ̀. Bí OKT4 bá wà pẹ̀lú FITC, n óò mú SK3 tí ó ní àwọ̀ APC. N óò fi CD3 àti CD8 kún un, n óò sì fi ẹ̀jẹ̀ ẹni mìíràn tí a ti mọ̀ pé OKT4 rí CD4 rẹ̀ dáadáa ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí SK3 bá tàn lára sẹ́ẹ̀lì T tí kò ní CD8, tí OKT4 sì ṣókùnkùn lára àwọn sẹ́ẹ̀lì kan náà, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Bí méjèèjì bá ṣókùnkùn, ẹ pe dókítà tí ó mọ̀ nípa àìsàn agbára ìdáàbòbò ara, nítorí ọ̀rọ̀ ti kọjá yàrá àyẹ̀wò nìyẹn. Ẹ má sì gbàgbé láti wo àwọn mónósáìtì, ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn. Wọ́n ní CD4, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ lára wọn tó ti sẹ́ẹ̀lì T, jíìnì kan náà ni ó sì ń ṣe é. Bí OKT4 kò bá rí ti mónósáìtì náà, tí SK3 sì rí i, ẹ̀rí náà tún lágbára sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ fi ohun tí ń dí olùgbà Fc sínú túùbù, nítorí mónósáìtì lè gbá áńtíbọ́dì mú níbi ìrù rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò sì tàn yín jẹ.

Àríyànjiyàn kan tí kì í tán láàárín wa ni ti áńtíbọ́dì tí kò ní ohun tí ó ń wá, èyí tí a máa ń fi ṣe ìfiwéra láti mọ ibi tí òkùnkùn parí sí. Àwọn kan ní a kò gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò láìsí i. Èmi rò pé nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kéré. OKT4 jẹ́ IgG2b ti eku, SK3 jẹ́ IgG1 ti eku, ẹ̀yà áńtíbọ́dì méjì tí ó yàtọ̀ síra. Ẹni tí ó bá fi ẹyọ kan ṣe ìfiwéra fún méjèèjì kò tíì fi nǹkan kan wé nǹkan kan. Sẹ́ẹ̀lì T tí ó ní CD8 wà nínú túùbù yín, ó ti bá gbogbo kẹ́míkà kan náà pàdé, kì í sì í ru CD4 lọ́pọ̀ ìgbà. Òun ni kí ẹ fi ṣe òdo.

Ohun kan tún wà fún àwa tí a wà ní ibi tí jíìnì S àti C ti pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa àwọn ẹni tí ó jẹ́ SS tàbí SC lè máà fọ́ tán nígbà tí a bá da omi tí ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa sí i, ohun tí ó kù yóò sì da àyè lífósáìtì rú lójú ẹ̀rọ. Ẹ fi CD45, àmì tí ó wà lára sẹ́ẹ̀lì funfun, ya sẹ́ẹ̀lì funfun sọ́tọ̀ kí ẹ tó ka ohunkóhun, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé títóbi sẹ́ẹ̀lì nìkan.

* * *

Ẹnì kan bèèrè bóyá kí òun máa gbé áńtíbọ́dì sínú fírísà kí ó lè pẹ́, nítorí iná tí kì í dúró. Rárá o. Àwọ̀ PE àti APC jẹ́ puróténì ńlá, PE fúnra rẹ̀ wá láti ara ewé inú omi òkun. Dídì yóò bà wọ́n jẹ́. Láàárín ìwọ̀n ooru 2 sí 8 ni kí wọ́n wà, nínú òkùnkùn. Àwọn àwọ̀ alápapọ̀ bíi PE-Cy7 tún burú jù ní ti ìmọ́lẹ̀: bí wọ́n bá ti ń tú, ìmọ́lẹ̀ wọn yóò máa jò sínú àyè PE, ẹ ó sì máa rí olùgbà tí kò sí níbẹ̀.

Ní ibi kan tí mo ti ṣiṣẹ́, fíríìjì áńtíbọ́dì náà ni wọ́n ń kó omi mímu sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó tún ṣí i. Díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ CD8 ń dín kù láti oṣù dé oṣù, tí wọ́n sì ń dá àwọn aláìsàn lẹ́bi. Ohun tí ó tú àṣírí náà ni pé gbogbo ènìyàn ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Bí ẹ bá ní irú ìṣòro iná bẹ́ẹ̀, ẹ pín áńtíbọ́dì sí ìgò kéékèèké nígbà tí ó bá dé, kí ẹ fi tẹmómítà tí ń kọ ooru sílẹ̀ sínú fíríìjì náà, kí ẹ sì máa fi ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan tí ẹ mọ̀ dán ìgò tuntun wò kí ìgò àtijọ́ tó tán.

* * *

"Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni ẹnikẹ́ni tún ń fi OKT4 ṣe? Ẹ jẹ́ kí a da á nù." Mo lóye ìbínú ẹni tí ó kọ eléyìí, ṣùgbọ́n n kò bá a lọ.

Ní ọdún 1975 ni Georges Köhler àti César Milstein, ní Cambridge, fi hàn bí a ṣe lè so sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe áńtíbọ́dì pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kí ó lè máa ṣe áńtíbọ́dì kan náà jáde láìdúró. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1984 pẹ̀lú Niels Jerne. Kò pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún 1975 yẹn ni Patrick Kung àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Ortho ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀wọ́ áńtíbọ́dì OKT; ọdún 1979 ni OKT4 jáde nínú ìwé ìmọ̀. Kò tíì sí orúkọ CD4 nígbà náà. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Paris ní ọdún 1982 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà CD kan náà fún àwọn áńtíbọ́dì tí wọ́n ń rí olùgbà kan náà, kí olúkúlùkù má baà máa pe olùgbà kan ṣoṣo ní orúkọ tirẹ̀. Ìlànà yẹn dára púpọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa rò pé gbogbo áńtíbọ́dì tí a kọ CD4 sí lára jẹ́ ọ̀kan náà.

OKT4 ní iṣẹ́ tí àwọn yòókù kò lè ṣe. Ní ọdún 1984, àwọn onímọ̀ ní London àti ní Paris fi hàn pé CD4 ni ẹnu ọ̀nà tí HIV ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì. D1 ni puróténì gp120 ti kòkòrò náà ń dì mọ́, ibẹ̀ gan-an ni SK3 àti RPA-T4 náà ń dì mọ́. Nítorí náà, nínú ìwádìí tí gp120 bá ti bo D1, àwọn méjèèjì yìí lè sọ pé CD4 kò sí, nígbà tí OKT4 yóò rí i ní D3. Kò sí áńtíbọ́dì kankan nínú wọn tí kò ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Ẹni tí ó ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó gbọ́dọ̀ ní OKT4 lọ́wọ́, kí ó sì kọ́kọ́ fi SK3 yẹ àwọn tí wọ́n fún un ní ẹ̀jẹ̀ wò, kí ó mọ ẹni tí OKT4 lè rí.

Àti pé, ẹ má fi kẹ́míkà PMA jí sẹ́ẹ̀lì kí ẹ wá máa wá CD4 lára rẹ̀ lẹ́yìn náà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. PMA máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì gbé CD4 wọlé. Kò sí clone (ìyẹn irú áńtíbọ́dì kan pàtó, bíi OKT4 tàbí SK3) tí yóò rí ohun tí ó ti wọlé, àfi bí ẹ bá la ara sẹ́ẹ̀lì.

* * *

Ìbéèrè tí ó wúwo jù nínú ìjíròrò yìí wá láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: ṣé ó lè jẹ́ pé àwọn ilé ìwòsàn ti ń fún àwọn ènìyàn wa ní iye CD4 tí kì í ṣe òtítọ́?

Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀ ní ti ọ̀pọ̀ kíìtì tí wọ́n ṣe fún ilé ìwòsàn. Bí àpẹẹrẹ, SK3 ni ilé iṣẹ́ BD ń lò nínú kíìtì Tritest àti Multitest rẹ̀, ìyípadà tí ó wà ní D3 kò sì kan ibi tí SK3 ń dì mọ́. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni yàrá ìwádìí tí ń ra áńtíbọ́dì ní ẹyọ ẹyọ, tí ó ń wo owó nìkan, tí ó sì ń ka CD4 pẹ̀lú àwọ̀ kan ṣoṣo láìsí CD3. Ẹni tí ó jogún ìyípadà yìí lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo yóò wọ wàhálà níbẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ó ti di ìdajì yóò sún mọ́ àyè mónósáìtì, bí wọ́n bá sì ti fi ààlà sí ojú kan láìwo ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀, apá kan nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yóò bọ́ sẹ́yìn ààlà. Iye rẹ̀ yóò kéré ju bí ó ti yẹ lọ, kò sì ní jẹ́ òdo tí ó máa ta ẹnikẹ́ni lólobó. Èyí burú ju òdo lọ lójú tèmi.

Òótọ́ ni pé láti ọdún 2015 ni àjọ WHO ti ní kí gbogbo ẹni tí ó ní HIV bẹ̀rẹ̀ oògùn láìwo iye CD4. Àwọn kan nínú yín tọ́ka sí èyí pé ọ̀rọ̀ CD4 ti parí. Kò parí. Iye tí kò tó 200 ṣì ni a fi ń mọ ẹni tí àìsàn náà ti wọ̀ lára jìnnà, tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ àti fún kòkòrò cryptococcus tí ń bá ọpọlọ jà. Iye tí kò tọ̀nà lè mú kí a fún ẹni tí kò nílò rẹ̀ ní oògùn kún oògùn, ó sì lè kó ìpayà bá gbogbo ilé.

Ṣé ìyípadà yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ àìsàn? Àwọn tí wọ́n ní i ń gbé ayé wọn, sẹ́ẹ̀lì T wọn sì ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2009 láàárín àwọn obìnrin tí ń ṣòwò ara ní Nairobi sọ pé àwọn tí wọ́n ní i dàbí ẹni tí HIV tètè ń mú ju àwọn tí kò ní i lọ. Ìwádìí tí ó yẹ kí a kà ni, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a ó gbé lé orí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kàn wá fún wa ní ẹ̀jẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé nǹkan kan ṣe é.

* * *

Ẹnì kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Britain kọ̀wé pé gbogbo wàhálà yìí yóò tán bí a bá lè ra áńtíbọ́dì tí wọ́n fi jíìnì tí a ti mọ̀ ṣe, dípò èyí tí ó ń jáde láti ara sẹ́ẹ̀lì àtijọ́. Mo gbà pé ó dára láti rà á bí owó bá wà. Ní ọdún 2015, Andrew Bradbury àti Andreas Plückthun, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ onímọ̀ tí ó bá wọn fọwọ́ sí i, ké pe ayé ìmọ̀ pé kí a yí sí irú áńtíbọ́dì bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2018 sì wo sẹ́ẹ̀lì 185 tí ń ṣe áńtíbọ́dì, ó rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ní jíìnì áńtíbọ́dì mìíràn tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ó dun gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n kò kan ọ̀ràn yìí. Bí ẹ bá fi jíìnì tí ó mọ́ jù lọ láyé ṣe OKT4, kò ní rí CD4 ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, nítorí OKT4 kò ṣàṣìṣe. Ibi tí ó mọ̀ ni kò sí lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a mọ clone. Ẹni tí ó ní owó àti ẹni tí kò ní ni wọ́n lè ṣe èyí.

* * *

Ẹni tí ó béèrè ti padà wá: ó rí SK3 yá, ó tàn gbọ̀ọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì T àti mónósáìtì, OKT4 kò sì rí nǹkan kan lára méjèèjì. Ẹ kú iṣẹ́. Ó wá bèèrè ohun tí òun yóò kọ, nítorí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ kí ìwé èsì kúrú.

Ẹ kọ iye CD4 tí SK3 fún yín gẹ́gẹ́ bí èsì. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ kọ pé clone OKT4 kò dá CD4 ẹni yìí mọ̀, pé ó jọ pé ìyípadà tí a ń jogún ní ipò 240 ni ó fà á, àti pé kí ẹnikẹ́ni tí yóò bá ka CD4 rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lo clone tí ń dì mọ́ D1. Ẹ kọ ọ́ ní "ó jọ pé", àfi bí ẹ bá rí owó ka jíìnì rẹ̀. Ẹ fún òun náà ní ẹ̀dà kan, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní èdè tí ó gbọ́, nítorí ó lè lọ sí ìlú mìíràn lọ́la kí wọ́n tún sọ fún un pé kò ní CD4. Bí ó bá wà nínú ìwádìí yín, ẹ má yọ ọ́ kúrò nítorí èyí. Áńtíbọ́dì ni kí ẹ pààrọ̀ fún gbogbo ènìyàn inú ìwádìí náà, kí a má baà máa fi clone kan ka ti ẹnì kan kí a sì fi òmíràn ka ti ẹnì kejì.

* * *

Èyí tí ó kù ni ti ẹ̀gbọ́n wa láti Pọ̀tónóvò, tí ó ní "áńtíbọ́dì sí CD4 ènìyàn" nìkan ni ó wà lára páálí tí wọ́n tà fún òun, kò sí orúkọ clone.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo nọ́ńbà ọjà tí ó wà lára ìgò náà, kí ẹ wá ìwé ìlò rẹ̀ lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Ibẹ̀ ni orúkọ clone sábà máa ń wà, pẹ̀lú irú IgG tí ó jẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ bi wọ́n ní clone wo ni, ìpele wo lára CD4 ni ó ń dì mọ́, àti bóyá wọ́n ti dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì tí a ti fi fọmálíìnì dì, nítorí àwọn kan kì í rí olùgbà mọ́ lẹ́yìn fọmálíìnì. Kí ìdáhùn tó dé, ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ẹ mọ̀ pé OKT4 kò rí ṣe é pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹ bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀: bí ó bá ṣókùnkùn, ẹ ti mọ̀ pé ibi tí OKT4 ń dì mọ́, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ni òun náà ń dì mọ́. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn rárá, ẹ dá ọjà náà padà, kí ẹ sì gba owó yín.